«Ẹ̀tanú ọkàn» kò bá ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì mu

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́. Nínú orúkọ Yorùbá tí a ń wá fún ohun tó ń mú kí èèyàn ṣi ìpinnu ṣe nípa owó, mo ti ka àbá tó wá láti Oǹdó, pé kí a máa pe àwọn èrò tó ń ṣi èèyàn lọ́nà nípa owó ìfẹ̀yìntì ní «ẹ̀tanú ọkàn». N kò fara mọ́ ọn. Níbi tí ẹ̀tanú bá wà, ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà tí a kórìíra. Òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ aládàáni ní Àkúrẹ́ tí kò fi kọ́bọ̀ kún ìdá 8 nínú 100 tí òfin owó ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 ní kí wọ́n máa yọ nínú owó oṣù rẹ̀ kò kórìíra ọjọ́ ogbó ara rẹ̀. «Ìtẹ̀sí ọkàn» ni mo fara mọ́, nítorí pé kò fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni.

Àbá kejì, «ìfònídónìí-fọ̀ladọ́la», fún àṣà kí owó òní máa wọni lójú ju ti ogún ọdún sí i lọ, dùn létí, ṣùgbọ́n ìwà ló dárúkọ, kò dárúkọ ohun tó bí ìwà náà. Ẹ wo aláta Ọjà Ọba tó ń dá àjọ: lójoojúmọ́ ló ń fún alájọ ní iye kan náà, alájọ ń sàmì sí káàdì, bí oṣù bá sì pé, owó ọjọ́ kan di ti alájọ, láìsí èlé kankan fún aláta. Ó ń sanwó kí wọ́n lè bá a gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ ara rẹ̀! Obìnrin yìí kò fòní dọ́la rárá, síbẹ̀ ó mọ ibi tí ọkàn òun tẹ̀ sí. Ètò owó ìfẹ̀yìntì àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti oníṣòwò, tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní 2019, gba ti ìtẹ̀sí yìí rò: nígbà tó bẹ̀rẹ̀, olówó lè fọwọ́ kan ìdá 40 nínú 100 kó tó fẹ̀yìn tì, ìdá 60 yòókù di ọjọ́ ogbó. Nítorí náà, «ìtẹ̀sí-sóòní» ni kí a kọ.

«Ìbẹ̀rù àdánù» tẹ́ mi lọ́rùn fún ohun tí Kahneman àti Tversky, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ṣàlàyé ní 1979, pé àdánù a máa dunni ju bí èrè iye kan náà ṣe ń dùn mọ́ni lọ.

Ṣùgbọ́n kí a má pe ẹni tó fi àkáǹtì owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ sílẹ̀ síbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣí i fún un ní «ọ̀lẹ». «Ìdúró-sójú-kan» sàn jù. Bí ẹ̀ka-èdè Oǹdó tàbí ti Ìdànrè bá ní èyí tó kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e wá, kó ṣáà má jẹ́ èyí tí yóò bú àgbàlagbà.