Àbọ̀ lórí ẹnu gbígbẹ màmá mi

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Èmi ni mo bèèrè nípa ẹnu màmá mi tó ń gbẹ bí àgbàdo tí wọ́n sá sóòrùn, láti ìgbà tí wọ́n ti ń lo amitriptyline fún ẹsẹ̀ tó ń jó wọn nítorí àìsàn ìtọ̀ ṣúgà. Ẹ ṣeun gbogbo yín.

Ẹni tó ní ká má ṣàdédé dá oògùn dúró, ká padà lọ bá dókítà, òun ló jàre. Dókítà kọ́kọ́ yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn wò, torí tí ṣúgà bá ga, ẹnu lè gbẹ bẹ́ẹ̀ náà. Kò ga. Ó ní oògùn yẹn máa ń dín itọ́ kù, ló bá sọ ọ́ di 10 mg lálẹ́ dípò 25. Ní báyìí wọ́n ń jẹ búrẹ́dì láì fi omi tì í. Ẹsẹ̀ ṣì ń jó díẹ̀, wọ́n ní àwọn fara mọ́ ọn.

Ṣingọ́ọ̀mù tí kò ní ṣúgà ń pa omi sẹ́nu lóòótọ́, àmọ́ ó ń lẹ̀ mọ́ eyín àtọwọ́dá wọn. Pákò ni wọ́n fẹ́ràn jù (ta ló fẹ́ bá ìyá àgbà jiyàn lórí pákò?). Orógbó ò bá wọn lára mu.

Òru ló kù. Wọ́n ṣì ń jí mu omi, omi náà tún ń jí wọn láti tọ̀. A máa rí dókítà eyín pẹ̀lú, torí eyín máa ń tètè jẹrà nígbà tí itọ́ ò bá tó.