Pákó ìrókò lórí àtẹ̀gùn kọnkéré

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ará. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀. Mo fẹ́ fi pákó ìrókò bo àtẹ̀gùn kọnkéré ilé wa l'Ákùúrẹ́. Táìlì tó wà níbẹ̀ ń yọ̀, ìyá mi sì ti ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. Àyà mi ń já. Mo ti to pákó náà sí pálọ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó lè gbẹ, torí pákó tútù máa ń súnkì bí ọyẹ́ bá dé. Kafíńtà kan ní gọ́ọ̀mù nìkan tó. Èkejì ní ká lu kọnkéré níhò, ká fi ìṣó tí wọ́n ń yí wọlé dè é. Mo fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹyọ kan wò, àmọ́ ó ń dún bí mo bá tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, èwo nínú méjèèjì ni kò ní mì lábẹ́ ẹsẹ̀ àgbàlagbà? Mo dúpẹ́ ṣáájú o.