Mohr-Coulomb tàbí Cam Clay: èwo ló mọ ìṣe amọ̀ rírọ̀?

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mò ń ṣe ìwádìí lórí òkìtì ojú ọ̀nà tí a fẹ́ dà sórí amọ̀ rírọ̀. Àwòṣe méjì ni mo fi ṣírò bí ilẹ̀ yóò ṣe rì, Mohr-Coulomb àti Modified Cam Clay. Nígbà tí mo lo Modified Cam Clay, ìwọ̀n tí ilẹ̀ rì ju ìlọ́po méjì ti Mohr-Coulomb lọ, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ kan náà àti ẹrù kan náà ni. Èwo ni kí n gbà?

Èsì 1
Lójú Mohr-Coulomb, líle amọ̀ kì í yí padà títí agbára rẹ̀ yóò fi tán. Ṣùgbọ́n Cam Clay, tí Roscoe àti Schofield gbé jáde ní Cambridge ní 1963, tí Roscoe àti Burland sì tún ṣe ní 1968, mọ̀ pé amọ̀ máa ń rántí ẹrù tó wúwo jù lọ tó ti gbé rí. Ẹ wo àpò gbágùúdá rírin tí a gbé òkúta lé. Bí omi rẹ̀ bá ti ro tán, tí a gbé òkúta náà kúrò, àpò náà kì í wú padà bó ṣe wà; bí a bá tún gbé e lé e, díẹ̀ ni yóò fi rì; àfi bí a bá fi òkúta mìíràn kún un ni omi yóò tún máa ro. Nínú Cam Clay, nọ́ńbà lambda ló dúró fún rírì ńlá lábẹ́ ẹrù tí amọ̀ kò tíì gbé irú rẹ̀ rí, kappa fún kékeré lábẹ́ ẹrù tó ti gbé rí. Mohr-Coulomb kò ní méjèèjì. Ẹ yẹ ìdánwò oedometer yín wò, èyí tí a fi ń tẹ amọ̀ díẹ̀díẹ̀ láti mọ bí yóò ṣe rì sí.

Èsì 2
Ewu kan tún wà tó ju rírì lọ. Bí ẹrù bá dé kíákíá tí omi kò ráyè jáde, omi ni yóò máa gbé ẹrù náà, agbára amọ̀ rírọ̀ yóò sì kéré sí èyí tí Mohr-Coulomb ń ṣírò láti inú c′ àti φ′ (nọ́ńbà ìdìmọ́ra amọ̀ àti igun ìfarakanra rẹ̀). Irú ìṣirò yìí wà lára àṣìṣe tí ìgbìmọ̀ ìwádìí tọ́ka sí lẹ́yìn tí kòtò reluwé abẹ́ ilẹ̀ wó ní Nicoll Highway, ní Singapore, ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin ọdún 2004, tí òṣìṣẹ́ 4 kú. Ìsopọ̀ àwọn irin tó gbé ògiri kòtò náà dúró kò sì lágbára tó. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ kòtò kọ́ ló yan àwòṣe.

Èsì 3
Cam Clay náà kò ka rírì díẹ̀díẹ̀ tó ń bá a lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí omi ti jáde tán. Bí amọ̀ yín bá nípọn, ẹ fi Soft Soil Creep, àwòṣe tó ka irú rírì bẹ́ẹ̀, wé e.

Olùbéèrè
Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti padà sídìí ìdánwò náà: ìlà rẹ̀ tẹ̀ ní nǹkan bíi 55 kPa (kPa ni a fi ń wọn ìtẹ̀), ìyẹn ẹrù tó wúwo jù lọ tí amọ̀ náà ti gbé rí; ẹrù tí yóò gbé báyìí sì tó 90 kPa. Ibi tí ìlà náà kò tíì tẹ̀ ni mo ti mú líle tí mo fún Mohr-Coulomb, ìdí nìyẹn tí rírì rẹ̀ fi kéré.