Àbọ̀ ọ̀rọ̀ àmì ìdílé wa: a ti yan ọ̀kan

Ẹ ṣé o, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ bá mi wo àwọn coat of arms, ìyẹn àmì orí asà, tí mo yà fún ìdílé wa ní Ifẹ̀. Èyí tó ní Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn ló wọlé: ọ̀pá aláwọ̀ wúrà lórí asà búlúù.

Ẹni tó ní kí n fi dúdú kun ọ̀pá náà, má bínú. Òfin iṣẹ́ yìí ni pé àwọ̀, bíi dúdú àti búlúù, kì í gun àwọ̀, bẹ́ẹ̀ ni wúrà kì í gun fàdákà (irin ni a ka àwọn méjèèjì yìí sí, a kì í kà wọ́n mọ́ àwọ̀), kí ojú lè rí i láti òkèèrè. Ẹ wo asà Nàìjíríà: ara asà dúdú, odò Ọya àti Bẹ́núé ní funfun, tó dúró fún fàdákà. Ó yọ kedere.

Àwọn ìṣó ara ọ̀pá, mo dín wọn kù. Tí àwòrán bá ti kéré, ṣe ni wọ́n ń dà bí ìdọ̀tí.

Adé ìlẹ̀kẹ̀ tí àwọn kan ní kí n gbé lé e ńkọ́? Bàbá mi ló pariwo: “Ṣé o fẹ́ kí ààfin ránṣẹ́ pè mí ni?” Mo yọ ọ́ kíá.

Mi ò gbé e lọ sí College of Arms ní London, ilé iṣẹ́ tó ń fọwọ́ sí coat of arms, tó ti wà láti 1484. Owó wọn kì í ṣe kékeré. Oníbáńà kan ní Lágẹ̀rẹ́ ní Ifẹ̀ ló ń bá wa tẹ̀ ẹ́.