Ohùn ìlù gángan mi ò lọ sókè mọ́ látìgbà tójò ti bẹ̀rẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Àkúrẹ́ ni mo wà, òjò ò jẹ́ ká gbádùn rárá. Gángan mi, bí mo ṣe fún ọṣán ẹ̀ (àwọn okùn awọ tó wà lára ẹ̀) tó, ohùn ẹ̀ ò lọ sókè, ó kàn ń dún gbù gbù. Ṣé kí n gbé e fún ẹni tó máa fa ọṣán ẹ̀ le si ni àbí awọ ló ti bàjẹ́?

Ará Ọjà Ọba: Bọ̀dá, ẹ má tíì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kan ọṣán yẹn o! Ọ̀rinrin ló wọ̀ ọ́. Awọ ewúrẹ́ máa ń fa omi, tó bá sì ti fà á ó máa dẹ̀ nìyẹn, ohùn á wálẹ̀. Ẹ sá a sóòrùn àárọ̀ díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fa ọṣán le báyìí, tí ọyẹ́ wá dé tí awọ gbẹ, ó lè fàya, ó sì máa dùn yín gan-an.

Ọmọ Oǹdó: Òótọ́ lẹ sọ, màá kàn fi kún un pé kẹ́ ẹ má yá a níná o, jọ̀ọ́. Ẹ wo èjìká yín náà, tí èjìká bá le gan, apá ò ní lè fún ọṣán kó tún tètè dẹ̀ ẹ́, ìlù ò sì ní lè sọ̀rọ̀ já gaara.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé gan-an. Mo ti gbé e síta báyìí, oòrùn ti yọ díẹ̀.