Ọmọ mi fẹ́ fi ilé-ìwé sílẹ̀ nítorí tíátà: ṣé kí n san owó tí ọ̀gá ń bèèrè?

Ìyá Ẹlẹ́ja, Èbúté: Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará Ìkòròdú. Ẹja yíyan ni mo ń tà ní Èbúté. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, oorun ò kun ojú mi láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ogún ọdún, wà ní ọdún kejì ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ìṣirò owó ló ń kọ́. Láti kékeré, bí mo bá rán an lọ sọ́jà, ohùn àwọn ìyá ọlọ́jà ló máa fi ròyìn ọjà fún mi, ti eléyìí lọ́tọ̀, ti tọ̀hún lọ́tọ̀, a ó rẹ́rìn-ín títí. N kò mọ̀ pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ń lọ. Ó ti tó oṣù mẹ́rin báyìí tó ti ń tẹ̀lé ọ̀gá tíátà kan lọ lokéṣọ̀n, ibi tí wọ́n ti ń ya fíìmù. Wọ́n ti fi í sí fíìmù mẹ́ta. Nínú méjì, ó kàn kọjá lọ ni. Nínú ẹ̀kẹta, ó gbé omi fún àlejò, ó ní, "Ẹ kú ìjókòó, mà." Gbólóhùn yẹn nìkan. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi ń gbé ife òfìfo káàkiri pálọ̀ wa, tó ń kúnlẹ̀, tó ń dìde, tó ń wá bí ojú òun ṣe máa rí.

Ní ọjọ́ Àìkú, aago kan ààbọ̀ òru ló wọlé, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Ó ní ọ̀gá ní kí òun mú ₦150,000 wá, pé òun á fún un ní ipa gidi nínú fíìmù tó ń bọ̀, àmọ́ kó fi ilé-ìwé sílẹ̀, torí iṣẹ́ yìí ò fẹ́ orogún. Àjọ mi máa bọ́ sí mi lọ́wọ́ ní ìparí oṣù. Owó ilé-ìwé rẹ̀ gan-an ni mo ń dá. Bàbá rẹ̀ ti kú. N kò fẹ́ ba ọmọ mi lọ́kàn jẹ́, n kò sì fẹ́ da owó sínú ọ̀sà. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì, Ìta-Ẹlẹ́wà: Ẹ má san kọ́bọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ àbúrò mi san owó fọ́ọ̀mù fún ọ̀gá méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni kejì ti pààrọ̀ nọ́ńbà.

Ọmọ Sábó: Ẹ jẹ́ kó lọ o, Mà! Ṣé kì í ṣe Ìkòròdú yìí ni Fúnkẹ́ Akíndélé ti wá ni? Fíìmù rẹ̀ tó jáde ní Oṣù Kejìlá 2023 pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ ní sinimá. Ọmọ yín náà á débẹ̀.

Ará Lokéṣọ̀n: Ẹ kú iṣẹ́, Mà. Ọdún kọkànlá mi rèé nínú iṣẹ́ yìí. Kọntinúítì ni mo ń ṣe: èmi ni mo máa ń rántí pé bùbá aláwọ̀ ewé ló wọ̀ jáde nílé, kó má lọ wọ pupa dé òde àríyá. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Wọ́n á ní kẹ́ ẹ dé ní aago méje àárọ̀. Àwọn gbajúmọ̀ á dé lọ́sàn-án, torí wọ́n ti ibòmíràn bọ̀, tiwọn la ó sì kọ́kọ́ yà kí wọ́n lè máa lọ. Ọmọ tó ní gbólóhùn kan á wà lórí bẹ́ńṣì títí di aago mọ́kànlá alẹ́. Bó bá wá kàn án, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò á bẹ̀rẹ̀ ariwo, a ó tún dúró. Owó ọkọ̀ ni wọ́n máa fún un, ìgbà míì kì í tó ọkọ̀. Ó lè lo ọdún mẹ́ta, mẹ́rin bẹ́ẹ̀ kí dírẹ́kítọ̀ kan tó dá orúkọ rẹ̀ mọ̀. Ẹsẹ̀ tó wú yẹn, mo mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ohun tí àwọn èèyàn ilé ò mọ̀ rèé. Wọ́n rò pé bí fíìmù bá gbòde, owó á máa wọlé fún gbogbo ẹni tí ojú rẹ̀ wà níbẹ̀. Rárá o. Owó iṣẹ́ ọjọ́ yẹn lòṣèré gbà, ó parí. Nígbà tí a ń lo sídíì, ẹni tó ni fíìmù ló ń gbé e lọ bá mákẹ́tà ní Ìdúmọ̀tà tàbí Alábà. Ní báyìí tó ti di YouTube, ẹni tó ni ojú òpó ibẹ̀ lowó ń wọlé fún. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá ti gbajúmọ̀ díẹ̀ fi ń sáré ṣe tirẹ̀, tí wọ́n sì ń bẹ ara wọn lọ́wẹ̀: wá bá mi ṣe tèmi, màá wá bá ọ ṣe tìẹ. Ẹni tí kò ní tirẹ̀, tí wọn ò sì pè, lè jókòó sílé oṣù mẹ́fà nígbà tí gbogbo àdúgbò ti mọ ojú rẹ̀. Irú wọn kì í lè wọ dáńfó mọ́, kò sì sí owó mọ́tò. Mo ti rí ẹni tó sunkún lórí ọ̀rọ̀ yìí níwájú mi.

Ní ti ₦150,000: owó ẹ̀kọ́ wà lóòótọ́. Ọ̀gá tó ń kọ́ni á ní ibi tí wọ́n ti ń bá a, ọjọ́ tí wọ́n ń pàdé, iye ọdún, àti ọjọ́ fíríìdọ̀ọ̀mù. Àmọ́ bí wọ́n bá ní kí ẹ san owó kí wọ́n tó fún un ní ipa, ẹ sá. Òṣèré ni wọ́n ń sanwó fún! TAMPAN ni ẹgbẹ́ àwa onítíátà àti onífíìmù. Ẹ bi ọ̀gá yẹn léèrè ẹ̀ka TAMPAN tó wà, kí ẹ sì dé ọ̀dọ̀ wọn. Bí wọ́n bá pè é sí ọdíṣọ̀n ní òtẹ́ẹ̀lì, tàbí ní alẹ́, kó má dá lọ láyé.

Ọmọ Sábó, Fúnkẹ́ tí o dárúkọ yẹn, ó ka ìwé ìròyìn ní pólì, ó tún ka òfin ní Yunifásítì Èkó. Wọ́n ti ń rí i lórí tẹlifíṣọ̀n láti 1998, 2008 ni Jenifa tó sọ ọ́ dolókìkí jáde. Ẹ ka ọdún tó wà láàárín méjèèjì.

Bàbá Tíṣà, Ìpakodò: Ẹ ṣé, ará lokéṣọ̀n. Mo fẹ́ fi díẹ̀ kún un. Hubert Ògúǹdé, ọmọ Òsósà, tíṣà ni, ó sì tún ṣe ọlọ́pàá kí tíátà tó gbà á lọ́wọ́ gbogbo rẹ̀. 1945 ló dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ó sì lé ní ọgbọ̀n ọdún lórí ìtàgé kí fíìmù rẹ̀ àkọ́kọ́ tó dé. Ẹ wo Bàbá Sàlá. Láyé ìgbà tiwa, ta ni kò mọ̀ ọ́n? Nígbà tó ṣe fíìmù Ọ̀run Mooru ní 1982, àwọn oníjìbìtì da ayédèrú rẹ̀ kọ, gbèsè sì wọ ọrùn bàbá náà. Ó ṣì máa ń dùn mí bí mo bá rántí.

Àmọ́ n kò fara mọ́ ẹni tó bá ní kí ẹ lé e kúrò nínú ẹ̀. Ọmọ tó lè fi ohùn ọlọ́jà márùn-ún ròyìn ọjà, ẹ̀bùn nìyẹn, ẹnìkan ò kọ́ ọ. Fẹ́mi Adébáyọ̀ ka òfin ní Ìlọrin, kò dí i lọ́wọ́. Àwọn tó ń ṣe fíìmù pàápàá ń wá ẹni tó mọ ìṣirò owó, tó lè sọ ibi tí owó oúnjẹ àti owó ọkọ̀ wọlé sí. Kó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, kó máa fi ọlidé lọ lokéṣọ̀n.

Ọmọ Sábó: Mo gbọ́, ẹ̀yin àgbà. Mà, ẹ wo àwọn Ikorodu Bois. Ohun èlò inú ilé ni wọ́n fi ń ṣe àfarawé fíìmù òyìnbó, Netflix sì fi ẹ̀rọ ránṣẹ́ sí wọn ní 2020. Kí àbúrò mi fi fóònù ya ìròyìn ọjà yẹn.

Ìyá Ẹlẹ́ja, Èbúté: Ẹ ṣé gan-an ni. Ọlọ́run á dá yín lọ́lá. Mo pe ọ̀gá náà lánàá, mo sì ṣí fóònù síta kí ọmọ náà lè gbọ́. Mo bi í ní ẹ̀ka TAMPAN tó wà. Ó ní bí n kò bá fọkàn tán òun, kí n mú ọmọ mi lọ. Mo bi í bóyá á fún mi ní rìsíìtì. Ó gé fóònù.

Ọmọ náà sunkún títí. N kò sọ nǹkan kan, mo lọ ń yí ẹja lórí iná. Bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú, ó jáde wá, ó fi gèlè mi wé orí, ó gbé fóònù lé mi lọ́wọ́. Ó ṣe ìyá alátà, ó ṣe èyí tó máa ń ṣépè, ó wá ṣe èmi fúnra mi. N kò mọ̀ pé bí mo ṣe ń fọwọ́ nu imú nìyẹn. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin la tún un yà. Èéfín ẹja ti bo ojú fóònù. Mo fẹ́ nù ún, ó ní, "Mọ́mì, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó jọ Èbúté."