Àdámọ̀ kọ́ ni lógò o, ẹ fi "ni" sílẹ̀ jẹ́ẹ́ nínú ìdánimọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Látàná ni mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ lórí orúkọ Yorùbá tó yẹ ká máa pe lógò, ìyẹn àmì tí a fi ń dá ilé iṣẹ́ mọ̀, mo fẹ́ dákẹ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí kan iṣẹ́ ọwọ́ mi, torí lógò àti gbogbo ohun tó rọ̀ mọ́ ọn ni mo ń yà fún oníléèwé, amòfin, aránṣọ, atajà orí íntánẹ́ẹ̀tì, àní agbẹ́kànga wà lára wọn. Ẹ̀gbọ́n wa ní ká má pe lógò ní àmì ìdánimọ̀ mọ́, pé "ni" tó wà láàárín ìdánimọ̀, èèyàn ló ń tọ́ka sí, ilé iṣẹ́ ò sì kí ń ṣe èèyàn, pé ká yọ "ni" dànù, ká fi "à" síwájú, kó di àdámọ̀. Wọ́n ní ó kúrú, ó sì dùn ún pè.

Ó kúrú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí Bíbélì Yorùbá sí Gálátíà orí 5 ẹsẹ 20, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti ń to àwọn iṣẹ́ ti ara lẹ́sẹẹsẹ, àdámọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìbọ̀rìṣà àti oṣó. Ẹ̀kọ́ òdì tó ń da ìjọ rú ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀! Ṣé kí n wá gbé iṣẹ́ fún oníbàárà kí n ní "ẹ gbà, àdámọ̀ yín rèé"? Ẹni tí ò mọ Bíbélì náà, tó bá gbé ohùn ìparí sókè, àdámọ́ ló pè yẹn, ìyẹn ìwà tí wọ́n bí mọ́ni tí kò ṣeé bọ́ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ lógò ṣeé pààrọ̀ nígbàkigbà. Gap, ilé iṣẹ́ aláṣọ Amẹ́ríkà, pààrọ̀ tiwọn ní 2010, ariwo ta, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan péré wọ́n ti padà sí ti tẹ́lẹ̀. Kí ló jẹ́ àdámọ́ níbẹ̀?

Ẹ tún wo bí a ṣe ń tẹ Yorùbá lórí fóònù, mélòó nínú wa ló ń fi àmì ohùn sí i? "Adamo" gbọọrọ ni wọ́n máa tẹ̀, kí òǹkàwé máa fi orí ara ẹ̀ wá èyí tó jẹ́.

Ẹ jẹ́ á wá bọ́ sórí "ni" gan-an. Dá...mọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe tó ń la àárín fún àbọ̀ ẹ̀: mo dá a mọ̀, mo dá ohùn ẹ̀ mọ̀, mi ò dá bàtà mi mọ̀ mọ́. Tí ẹ bá yọ àbọ̀ yẹn, ta ni wọ́n dá mọ̀? Àwọn àgbà tó sọ tẹlifíṣọ̀n ní amóhùnmáwòrán, ohùn wà níbẹ̀, àwòrán wà níbẹ̀, wọn ò yọ ìkankan torí kó lè kúrú. Mi ò jiyàn pé èèyàn ni "ni" ń tọ́ka sí, ìbánisọ̀rọ̀, ìdánilẹ́kọ̀ọ́, amúnisìn, èèyàn ni gbogbo ẹ̀. Àmọ́ òfin gan-an gbà kí kọ́ńpìnnì tó forúkọ sílẹ̀ pẹjọ́ bí èèyàn, kí wọ́n pè é lẹ́jọ́, kó ní dúkìá lórúkọ ara ẹ̀. Àwọn oníbàárà mi náà ńkọ́? Wọ́n á ní "mo fẹ́ kó jọ àgbàlagbà tó ṣeé finú hàn", "má jẹ́ kó le jù lójú". Èèyàn ni wọ́n ń júwe fún mi yẹn, kí ni "ni" wá ṣẹ̀? (Ẹni tó sì ń kọ ọ́ ní ìdánímọ̀ lánàá, "ni" yẹn ò lóhùn òkè o, ẹ dákun.)

Ẹ̀gbọ́n ní àwọn ka ìmọ̀ ẹ̀dá èdè ní yunifásítì, káwa oníṣẹ́ ọwọ́ máa gbọ́. Mo bọ̀wọ̀ fún ìwé kíkà. Ṣùgbọ́n ìyá bàbá mi ò mọ̀wé rárá, tí ẹ bá ṣi ohùn kan pè lójú wọn, wọn ò ní dáhùn títí ẹ ó fi tún un pè kó tọ́. Irú etí bẹ́ẹ̀ ló ń sọnù láàárín wa, ó sì ń dùn mí.

Ohun tó tiẹ̀ bí mi nínú jù ni pé àdámọ̀ yìí kan náà lẹ tún fẹ́ fi pe gbogbo ìrísí ilé iṣẹ́. Iṣẹ́ méjì ni! Tí mo bá ń ya lógò, dúdú àti funfun ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀, màá sún un kéré títí á fi tó èyí tó ń jókòó sí kọ̀rọ̀ ojú fóònù, níbẹ̀ ni ìlà tín-ín-rín ti ń pòórá, tí ihò inú lẹ́tà "e" á dí pa. Àmì nìyẹn. Àwọ̀ ewé tó gbọ́dọ̀ bára mu lórí bébà, lára aṣọ àti lójú kọ̀ǹpútà, irú lẹ́tà, bí wọ́n ṣe ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀, ìwé ìlànà tó to gbogbo ẹ̀ pọ̀, ìyẹn ni ìdánimọ̀. Àmì ìdánimọ̀ wá ni lógò, ọ̀kan lára ẹ̀.

Àwòrán-orúkọ tí ẹnì kan mú wá ò lè dúró. Lógò tí Carolyn Davidson yà fún Nike, ilé iṣẹ́ oníbàtà, ní 1971, nígbà tó ṣì ń kẹ́kọ̀ọ́, kò lórúkọ nínú. Ti Coca-Cola tí Frank Robinson kọ ní 1886, orúkọ ni látòkèdélẹ̀, kò sí àwòrán. Starbucks, ilé iṣẹ́ oníkọfí, sì yọ orúkọ kúrò lára tiwọn ní 2011. Àmì ìtajà (trademark) náà, ti òfin nìyẹn, igun mẹ́ta pupa ti Bass, ilé iṣẹ́ ọtí bíà, ni wọ́n kọ́kọ́ forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1876, lógò tí ò forúkọ sílẹ̀ ṣì ń jẹ́ lógò.

Òǹtẹ̀ tí àbúrò wa obìnrin mú wá ló sún mọ́ ọn jù, mo gbà. Àmọ́ ohun tí a bá tẹ̀ ni òǹtẹ̀. Ọfà tó wà láàárín E àti x lára lógò FedEx, ilé iṣẹ́ tó ń bá èèyàn kó ẹrù ránṣẹ́, èyí tí Lindon Leader ṣe ní 1994, ibi tí yíǹkì ò kàn ló ti jáde, a ò tẹ̀ ẹ́ rárá. Àbúrò, kí lo máa pe ìyẹn?